Ọwọ́ Mi Ló Pa Á

Bí fáìlì bá ṣègbé lórí háàdì dísìkì, mo mọ àwọn tí mo máa ń kó ẹjọ́ náà bá: iná mànàmáná, ọjà gbàrọgùdù, àwọn ayé. Orúkọ tèmi kì í sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ dé ìdí, àìsàn lásán ló ń ṣe ọ̀pọ̀ dísìkì nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń ṣe ségesège. Àtúnṣe àwa tí ọwọ́ wa kì í gbélẹ̀ ló ń sọ àìsàn náà di ikú.

Ẹ wo inú rẹ̀. Àwo rìbìtì ló wà níbẹ̀, tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ tó ń kà á láìfara kàn án. Àlàfo àárín wọn kò tó ìbú irun orí kan rárá. Bí orí yìí bá ha àwo, ohun tí a kọ síbẹ̀ ló ha dànù, eruku tó bá sì bọ́ á tún lọ ba ibòmíràn jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí dísìkì bá ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, wáyà ni kí á yọ: orí náà ń wá ipò rẹ̀, kò rí i. Èmi ńkọ́? Màá pa á, màá tún un tàn, bóyá ojú á tì í tó bá yá. Bí ojú ò bá tì í, màá gbá a létí. Bí ìyẹn ò bá ràn án, màá wé e sínú náílọ́ọ̀nù, màá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja Titus nínú fìríìsà, kí omi lè rí ara rẹ̀ ba lé nígbà tó bá jáde sínú ooru.

Ṣùgbọ́n chkdsk, ètò àtúnṣe dísìkì inú Windows, ni baba gbogbo wọn. Windows á béèrè bóyá kí òun tún dísìkì ṣe, èmi á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà fún un. Àtúnṣe yẹn, kíkọ ni: orí dísìkì tó ń kú lọ náà ló ń kọ nǹkan sí, ohun tí kò bá sì yé e nínú ètò fáìlì, ó lè gé e dànù. Ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú ni a ní kó dìde gbálẹ̀ yẹn. Ti ddrescue, ètò tó ń da dísìkì kọ, yàtọ̀. Ibi tó rọrùn láti kà ló máa kọ́kọ́ dà kọ sórí dísìkì mìíràn, á fo ibi tó bàjẹ́, á sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó lè padà síbẹ̀ níkẹyìn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ibi tó bá iṣẹ́ dé ló ti máa tẹ̀síwájú. Ẹ̀dà yẹn ni kí á wá máa tún ṣe. Èyí tó bá ti ń dún kẹ̀, kẹ̀, ní tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ní yàrá aláìléruku ni.

Ẹnì kan á ní SMART, ètò inú dísìkì tó ń ṣọ́ ìlera rẹ̀, á ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí Google yẹ èyí wò lára dísìkì tó lé ní 100,000, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Nínú àwọn tó kú, bí a bá yọ ti ooru kúrò, ó lé ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún tí SMART kò rí nǹkan kan sọ nípa wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí àyẹ̀wò bá ti rí àṣìṣe kan ṣoṣo lójú àwo rẹ̀, ó fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín ọjọ́ 60 ju èyí tí kò ní lọ. A jẹ́ pé bí SMART bá ní ara le, kí á má tíì sùn. Bó bá ní ara ò yá, kí á gbà á gbọ́. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni mo máa ń ṣe.

Wọ́n tún ní ìgbátí ti gba dísìkì là rí. Irọ́ kọ́. Orí máa ń lẹ̀ mọ́ àwo nínú àwọn ti àtijọ́, ìgbátí sì lè tú u. Àmọ́ ẹni tó bá yege ló ń ròyìn. Ẹni tó sin tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Àtakò tó wúwo jù ni ti owó: dísìkì kejì kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó àwọn oníyàrá aláìléruku sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Mo gbà. Bí owó ò bá tó, kí á kọ́kọ́ kó ohun tí kò sí níbòmíràn, bíi fọ́tò ìdílé àti iṣẹ́ tí a fọwọ́ ara wa ṣe. Fíìmù wà lọ́jà. Èmi tí mò ń wí yìí, fíìmù ni mo máa ń kọ́kọ́ kó, torí òun ló tóbi jù.