Alága Kúrúùsì

Bí ẹ bá dúró lábẹ́ bíríìjì Dọ́pẹmu ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ò nílò ẹni tí yóò júwe rẹ̀ fún yín. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, àwọn ìyá tó ru búrẹ́dì Agége, àti àwọn kọ̀ndọ́ tó ń ké "Ìyànà-Ìpájà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", ọkùnrin kan á wà níbẹ̀ tó wọ ṣòkòtò péńpé olódòdó, bàtà rọ́bà, àti fìlà funfun àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, tí ìdákọ̀ró aláwọ̀ wúrà wà níwájú rẹ̀. Yábà ló ti ra fìlà náà. Awò dúdú ti wà lójú rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ẹ má bi í níbi tó ń lọ o, torí ohun tó ń dúró dè gan-an nìyẹn.

Alága Kúrúùsì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìbò tó gbé e wọlé, kò sì sí èyí tó lè gbé e kúrò, nítorí òun ló dá gúrúùpù WhatsApp náà sílẹ̀, òun nìkan sì ni ádímì. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń yọ kẹ́ẹ̀gì ní iléeṣẹ́ rọ́bà kan lẹ́bàá Ọba Akran. Àìmọye kẹ́ẹ̀gì ló ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹ̀kán omi kan nínú wọn. Omi tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ láyé kò ju mẹ́ta lọ: omi tí mẹ́ruwà ń tì wá sí àdúgbò, omi inú ọ̀rá, àti omi gọ́tà tó máa ń wọlé bá a lóṣù July. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ló tíì mù ún dé àyà rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ sì lè jókòó tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ó máa ṣàlàyé òkun fún yín.

Tarkwa Bay ló ti bẹ̀rẹ̀. Etíkun yẹn, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní CMS kò ní pẹ́ tó fi gúnlẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ kò le, nítorí àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn Òyìnbó amúnisìn tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ òkun lè ráàyè wọlé. Ibi tó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rù omi ni. Alága lọ, ó wọ omi dé orúnkún, ó yàwòrán, ó sì padà sí Dọ́pẹmu gẹ́gẹ́ bí ọmọ bíbí Olókun. Ní January 2020, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò nílé wọn, ohun tí Alága rí sọ sí i ni pé ibi tí òun ti máa ń jẹ ẹja yíyan ti dàwátì.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè gúrúùpù: ẹni tí a kò rí fọ́tò rẹ̀ kò lọ. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ti bì jálẹ̀ ọ̀nà, tí òkè ojú wọn ti yí, ṣùgbọ́n tí wọ́n dìde tí wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí fọtógíráfà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ìgbà tí wọ́n bá padà délé, tí dátà wà lórí fóònù, ni ìgbafẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò kórìíra rẹ̀ o. Bí kò bá sí irú àwọn èèyàn báyìí, ọ̀pọ̀ ará Dọ́pẹmu ni yóò gbé Èkó dàgbà, tí wọ́n á ti Èkó kú, láìfi ẹsẹ̀ kan omi òkun, bẹ́ẹ̀ láti Dọ́pẹmu dé etí òkun kò tó 30 kìlómítà. Gósíló ló sọ ọ́ di ìrìnàjò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò gba owó lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, tí yóò háyà bọ́ọ̀sì, tí yóò jí wọn láàárọ̀. Ohun tí mo ní sí i kò ju ohun tó ń ṣe bí wọ́n bá ti dé ojú omi lọ.

Lọ́jọ́ kan ni Alága rí fídíò kan: àbùùbùtán gbé ìrù sókè, ó fi lu omi, àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ sì ń kígbe, lẹ́yìn náà àwọn kan fi awò bojú, wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fi ń mí bọ ẹnu, wọ́n kojú bọ omi. Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkéde ti wà lójú gúrúùpù, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀: A Ó LỌ WO ÀBÙÙBÙTÁN NÍ KÚTỌNU! ÌLÚWẸ̀Ẹ́ WÀ! SÍNỌ́KẸ̀LÌ WÀ! AṢỌ ẸGBẸ́ JẸ́ DANDAN!

Ìyá Ìbejì tó ń ta aṣọ ọmọdé lọ́nà Àkọ́wọ́njọ ló kọ́kọ́ fèsì. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Sínọ́kẹ̀lì yẹn, ṣé ó wà lára owó oúnjẹ ni àbí a máa san tiẹ̀ lọ́tọ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹja náà, wọ́n á bá wa yan án ni àbí wọ́n á sè é?"

Kò dáhùn ìyẹn. Ìbéèrè gidi sì ni, nítorí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà mọ àbùùbùtán ni ìròyìn pé ọ̀kan kú, omi gbé e jù sétí òkun, àwọn ará àdúgbò sì gbé àdá àti abọ́ jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Alága kò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àbùùbùtán abuké máa ń wá bá wa lóòótọ́. Ìhà Antarctica, níbi tí omi ti ń di yìnyín, ni wọ́n ti ń jẹun yó. Bí òtútù ibẹ̀ bá ti le, wọ́n á forí lé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Gulf of Guinea, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Láàárín July sí October ni ìgbà wọn. Àwọn apẹja Gàbọ́ọ̀nù mọ̀ wọ́n, ará São Tomé mọ̀ wọ́n, àwọn Ògù tó ń pẹja lójú òkun Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìyá pẹ̀lú ọmọ a máa rìn súnmọ́ etí òkun ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Àgbà wọn lè gùn tó mítà 15, ìyẹn dánfó mẹ́ta tí a tò tẹ̀léra, kí ó sì wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, nítorí náà kò lè fara pamọ́ títí. Dandan ni kó yọrí, kó tú omi sókè bí èéfín, kó mí, kó tó padà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù tó sì kọjú síbi tó yẹ yóò rí i.

Akọ wọn a sì máa kọrin. Ní 1970 ni Roger Payne, ará Amẹ́ríkà, gbé ohùn wọn jáde lórí àwo, àwo náà sì wà lára ohun tó mú aráyé gbé ohùn sókè pé kí wọ́n yé pa wọ́n, títí tí òfin àgbáyé tó dá pípa àbùùbùtán fún òwò dúró fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Orin kan lè gba ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa bá a lọ fún wákàtí púpọ̀. Orin kan náà ni gbogbo akọ àgbègbè kan ń kọ. Bí ẹnìkan bá dá ohùn tuntun sí i, kò ní pẹ́ tí àwọn yòókù á fi gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn olórin Fújì Agége mọ ohun tí mò ń wí.

Alága kò ka ìkankan nínú èyí. Ohun tó ń rò ni àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́.

Wọ́n gbéra ní ìdájí Sátidé kan nínú August, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀. Bọ́ọ̀sì gba Ìyànà-Ìpájà, ó gba Ìgàndó, ó já sí Ìyànà-Ìbà, ó wá dorí kọ Àgbádárìgì. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá wọn dúró ni Alága ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ní Sẹ̀mẹ̀, ọ̀gá kan wò ó láti òkè délẹ̀. "Kápútẹ́nì, ẹ kú àárọ̀ o. Ọkọ̀ òkun yín dà?" Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà náà títí wọ́n fi kọjá ẹnubodè.

Awakọ̀ ojú omi tó ń dúró dè wọ́n ní Kútọnu jẹ́ Ògù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ Yorùbá Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n so okùn rẹ̀. Kí wọ́n má dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹja bá yọ, òun á dín iná ẹ́ńjìnnì kù, òun kò ní sún mọ́ ọn jù, pàápàá bí ọmọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n sì máa wo iwájú.

Alága ti gbé DJ wá láti Dọ́pẹmu.

Bí ìdajì wákàtí ni wọ́n fi wà lójú òkun tí sípíkà ń dún, tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí ó ń rọ̀ sódò. Ìrẹsì àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí akọ àbùùbùtán kan bá wà nísàlẹ̀ tó fẹ́ kọrin fún ìyàwó lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó rò nípa àwa ará òkè.

Sínọ́kẹ̀lì ló tẹ̀lé e. Ní Tonga, orílẹ̀-èdè elérékùṣù kan lójú òkun Pàsífíìkì, wọ́n ń jẹ́ kí àlejò bọ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbùùbùtán, nítorí omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà òjò. Odò ń kó ẹrẹ̀ wọ ọ̀sà, ọ̀sà ń tú u sínú òkun. Ẹni tó bá kojú bọ omi nítòsí èbúté Kútọnu ní August, àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ni yóò wá tì. Awakọ̀ sọ fún Alága. Alága ní àwọn ti sanwó. Ó fi awò bojú, ó ti ọ̀pá bọnu, ó sì fi ọ̀pá náà bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí ó sọ̀kalẹ̀ sómi pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ méjèèjì lára okùn, ọrùn ga sókè bí ẹni tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n fún.

"Ọ̀gá," awakọ̀ ní, "ojú ni wọ́n ń kì bọ omi."

"Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹ fà mí sókè."

Ibi tí wọ́n ti fà á sókè ni fọ́tò ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kọ ẹ̀yìn sómi! Kí òkun hàn lẹ́yìn wa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga, ẹ lọ sẹ́yìn!" Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òkun, gbogbo wọn, aṣọ kan náà, ẹ̀rín kan náà. Awakọ̀ kígbe lédè Ògù, ó tún un sọ lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n DJ wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú padà, omi ti padé. Nínú fọ́tò náà, ohun dúdú kan wà lẹ́yìn etí Alága, kò ju èékánná lọ. Àwọn kan ní igi ni, àwọn kan ní ìgbì ni. Alága búra pé àbùùbùtán ni. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àbùùbùtán sì ju àjànàkú lọ fíìfíì, fìrí yẹn náà ni gbogbo ọkọ̀ rí.

Àyàfi Ìyá Ìbejì. Fóònù rẹ̀ ti kú láti Sẹ̀mẹ̀, inú rẹ̀ sì ti dàrú. Òun nìkan ló kọjú sómi lápá ọ̀tún, tó gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, tó ń bì. Ó ní bí òun ṣe gbórí sókè báyìí ni omi là. Ẹ̀yìn dúdú kan jáde, kò tán bọ̀rọ̀, ó ń jáde ni. Ó fẹ́ èémí kan, òórùn rẹ̀ dé imú òun. Kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Kò rántí kígbe.

Ó ròyìn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n bi í pé fọ́tò rẹ̀ dà. Wọ́n rántí òfin.

Kí bọ́ọ̀sì tó dé Ìyànà-Ìbà, Alága ti ń ròyìn òórùn èémí náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kí ó tó di Mọ́ńdè, àwòrán àbùùbùtán kan ti wà lórí gúrúùpù, ó fò sókè pátápátá kúrò nínú omi, òkè yìnyín funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin kan bi í pé, "Alága, ẹ má bínú o, ṣé yìnyín wà ní Kútọnu ni?"

"Ó tẹ̀lé e wá láti ilé ni," Alága dá a lóhùn, ó sì ti gúrúùpù pa kí ádímì nìkan lè máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkéde ìrìnàjò ọdún tó ń bọ̀ síta. Àwọn tó sanwó àsansílẹ̀ kò kéré. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ san tirẹ̀, ó sì rìn dé ilé Alága fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà láti sọ fún un pé apá ọ̀tún ni kí wọ́n fi òun sí, níbi tí òun ti bì.