Ọ̀rọ̀ Fiacre Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ojúde

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí, kí ẹ sì rọra fetí sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ ìdí ọba ni mo fẹ́ sọ, ògiri ilé yìí sì létí. Ọba wo? Henry Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó fi ojú àwọn Faransé rí màbo ní Agincourt ní 1415. Ọkùnrin yìí dó ti ìlú Meaux, lẹ́bàá Paris, láti October 1421 títí di May 1422. Ó gba ìlú, kò rí ìlú náà jẹ pẹ́. Àìsàn inú kì í mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ kò gbádùn, nígbà tó sì di August 31, 1422, ó kú ní Vincennes. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Àwọn oníṣègùn òde òní ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Àwọn aráyé ìgbà náà ní irọ́ ni, pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló lọ kó ojúbọ Ẹni Mímọ́ Fiacre lẹ́rù lágbègbè Meaux, tí ẹni mímọ́ sì gbá a mú láti ìsàlẹ̀. Wọ́n tún ní kí a ṣírò ọjọ́ rẹ̀ wò: August 30 ni ọjọ́ ọdún Fiacre, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọba gbẹ́mìí mì. Àwọn ará Scotland tiẹ̀ fi kún un pé ọmọ ọba àwọn ni Fiacre, pé ó ń bá àwọn gbẹ̀san lára Henry ni. Ọmọ Ireland ni o! Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti lágbára tó báyìí, gbogbo agboolé ní í máa bá bàbá rẹ̀ du ọmọ.

Ẹ̀ ń bi mí pé ta ní ń jẹ́ Fiacre? Ẹ ṣe sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Orúkọ ọkùnrin ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn Kẹ́líìkì ilẹ̀ Ireland. Fiachra ni wọ́n ń kọ ọ́ nílé, Faransé ló sọ ọ́ di Fiacre. Wọ́n ní ó bá orúkọ ẹyẹ ìwò tan. Kí ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹyẹ ogun ni ìwò lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà, àwọn èèyàn ńlá ló sì jẹ́ orúkọ yìí. Fiachra kan wà tó jẹ́ arákùnrin Ọba Niall, ẹni tí wọ́n ń pè ní Niall Onídògò Mẹ́sàn-án. Àtìran-díran rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Uí Fiachrach, àwọn ni wọ́n sì jọba ní ìwọ̀-oòrùn Ireland.

Ti Fiachra tó tún wà nínú àlọ́ wọn ló dùn jù fún mi. Lir ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bí Fionnuala àti Aodh, ó wá bí ìbejì, Fiachra àti Conn, ó sì kú lórí àwọn ìbejì náà. Lir bá fẹ́ Aoife, àbúrò ìyàwó tó kú. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, ọmọ yóò rí ìyá? Ojú ló ń ta Aoife nítorí ìfẹ́ tí bàbá ní sí àwọn ọmọ. Ó kó wọn lọ sí adágún Derravaragh, ó ní kí wọ́n wẹ̀, ó sì fi ọfọ̀ sọ wọ́n di ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ni wọ́n lò lórí adágún yẹn, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lórí òkun tó wà láàárín Ireland àti Scotland, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Nínú òtútù òkun, Fionnuala á fi ìyẹ́ bo àwọn ìbejì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé aya bàbá kan kò burú, ẹ gbọ́ ti Aoife. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú agboolé yìí.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹni mímọ́.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Fiachra kan tó fẹ́ràn àdánìkanwà fi Ireland sílẹ̀, ó sọdá sí ilẹ̀ Faransé. Ó bẹ Faro, Bíṣọ́ọ̀bù Meaux, pé kí ó fún òun ní ilẹ̀ nínú igbó, kí òun lè gbàdúrà kí òun sì gbin ẹ̀fọ́. Wọ́n ní Faro sọ fún un pé gbogbo ilẹ̀ tó bá lè fi kòtò yí ká láàárín ọjọ́ kan, tirẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí kò gbé ọkọ́, ó kàn wọ́ ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ ni, ilẹ̀ ń là fúnra rẹ̀, igi ń wó.

Obìnrin kan rí i. Ó sì sáré lọ bá bíṣọ́ọ̀bù pé oṣó lẹ fún nílẹ̀ yẹn o! Èmi kò dá a lẹ́bi, bí ọkùnrin àjèjì bá ń fi ọ̀pá wó igi ní ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ kò ní pariwo? Wọ́n ní kí Fiacre dúró de ẹjọ́. Ó jókòó lórí òkúta kan, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, òkúta sì rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ìrọ̀rí, ó gba àwòrán ìdí rẹ̀. Látọjọ́ náà ni wọn kò fi jẹ́ kí obìnrin wọ ibi àdúrà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan ló jẹ gbèsè, gbogbo obìnrin ayé ló san án!

Nǹkan bí ọdún 670 ni wọ́n ní ó kú, àwọn èèyàn sì ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ohun tó ń gbé wọn wá: òkúta. Bí jẹ̀díjẹ̀dí bá ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á lọ jókòó lórí rẹ̀. Wọn kò ní alágbo tó ń gbé ìgò kiri ní ìdíkọ̀ bíi tiwa, Fiacre ni àgbo jẹ̀dí wọn. Ó tó ìdí àwọn ọba pàápàá. Ayaba Anne, ìyá Louis Kẹrìnlá, fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ojúbọ yìí ní 1641. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ náà jọba, egbò jẹ wọ inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀, wọ́n sì ní láti là á. November 18, 1686 ni, ní Versailles, oníṣẹ́-abẹ Félix ló là á, lẹ́yìn tó ti fi ìdí àwọn tálákà kọ́ṣẹ́. Bossuet, Bíṣọ́ọ̀bù Meaux, sì ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbàdúrà sí Fiacre. Ọba gbádùn. Wọ́n ní àwọn ìjòyè kan wá lọ ń bẹ Félix pé kí ó la ìdí àwọn náà, kí àwọn lè fara jọ ọba! Ó yẹ̀ wọ́n wò, kò rí nǹkan kan. Ojú ayé ò gbọdọ̀ ju báyìí lọ.

Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti olódòdó ló kọ́kọ́ mú Fiacre ní bàbá ìsàlẹ̀, àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà wo ni awakọ̀ gbà? Ọ̀gbẹ́ni Nicolas Sauvage bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin háyà ní Paris ní nǹkan bí 1640, àwòrán Fiacre sì wà lára ilé tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ń háyà fi di fiacre. Ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, wọ́n ṣì ń fi wọ́n gbé àlejò kiri títí dòní, Fiaker ni wọ́n ń pè é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ fún orúkọ náà. Èwo nínú yín ló máa sọ ọmọ rẹ̀ ní Takisí? Ọmọ Faransé tó ń jẹ́ Fiacre di èèyàn tí a ń fi àtùpà wá. Ní Ireland náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bo orúkọ ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge sílẹ̀ ní 1893 láti gbé èdè wọn dìde ni Fiachra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí padà, ó sì ti ń wọlé sí ilé àwọn òbí tuntun níbẹ̀ báyìí.

Ibi tí n kò rò pé mo máa bá a ni ìtòsí wa níbí, ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Fiacre pọ̀ níbẹ̀, ó wà ní Rwanda àti Burundi pẹ̀lú. Kò sí ìwò nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sí Aoife, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ òkúta ìdí. Kàlẹ́ńdà ni. Òfin Faransé ti 1803 ti sọ pé láti inú kàlẹ́ńdà àti ìtàn àtijọ́ ni kí wọ́n ti máa mú orúkọ ọmọ, 1993 ni wọ́n tó tú okùn náà pátápátá. Àwọn fádà àti ìjọba amúnisìn gbé kàlẹ́ńdà náà wá, orúkọ ẹni mímọ́ kan lójoojúmọ́, àwọn èèyàn gbé e kọ́ ògiri. Bí wọ́n bá bímọ ní August 30, wọ́n á wo ògiri, Fiacre ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó forí fá a jù ni ti July 14, ọjọ́ ọdún orílẹ̀-èdè Faransé, tí wọ́n gé kúrú sí “Fête Nat.” Àwọn kan rò pé ẹni mímọ́ ni, ọmọ sì di Fetnat.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yín, ṣùgbọ́n ẹ fi mọ níwọ̀n. Ta ló bí Abíọ́dún? Ta ló bí Abọ́sẹ̀dé? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni a wò? Bí Fiacre ará Kútọnu kan bá sì wá ń gun zémidjan, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ẹ ó rí i pé ó kàn jogún iṣẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó ni orúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ náání rẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n gbé e bá lórí omi ló ń fi í pe ọmọ wálé jẹun.

Nítorí náà, bí ìyá ọkọ kan bá ń bínú pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé kí ló ń jẹ́ Fiacre, ẹ bá mi sọ fún un pé ilé náà ni wọ́n wò. Kàlẹ́ńdà ṣáà ni wọ́n bá lára ògiri.