Ìjàpá àti Télọ̀ Etí Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, Pẹ́pẹ́yẹ onídọ̀tí, àti Ẹ̀ga tó ń ránṣọ.

Ní ìgbà kan, ìlú àwọn ẹranko wà létí odò Buffalo Bayou, ní Houston. Ẹ̀yin ará ibẹ̀ mọ odò náà. Omi rẹ̀ rí bí omi tí ẹni tó ti oko ẹgẹ́ dé fi ṣan ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi bọ́jú.

Kòkòrò kan wà nílùú yìí tí ojú kì í rí. Bí Ewúrẹ́ bá fara ha igi, kòkòrò a gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Bí Àgùntàn bá bímọ, kòkòrò a bá a lórí ẹní. Ọgbẹ́ a di egbò, egbò a di òkú.

Ní 1928, Òwìwí, àgbà tí kì í sùn lóru, gbàgbé àwo kan sórí tábìlì, ó lọ sinmi. Nígbà tó dé, àwo náà ti bu. Ó tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo kòkòrò tó wà nítòsí ibi tó bu ti kú. Ohun tó bu yìí ni wọ́n fi ṣe àgúnmu. Ewúrẹ́ lò ó, ó dìde. Àgùntàn lò ó, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

Ní 1945, ọdún tí wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Òwìwí lọ́lá, ó kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ń lo àgúnmu náà ní ìlò díẹ̀díẹ̀ ń kọ́ kòkòrò ní ìjà ni. Ejò tí a ṣá tí kò kú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ìjàpá gbọ́. Ó mi orí. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ àgbà dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ àgbà kì í ra iṣu.” Ó gbé tábìlì sí oríta. Ó rọ àgúnmu sínú kápúsù, ìdajì pupa, ìdajì dúdú. Ó ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ehoro dé, imú rẹ̀ ń kún. Ìjàpá kò wò ó lójú. Ó ya etí bébà ìròyìn, ó ka kápúsù mẹ́rin sí i, ó wé e. “Lo méjì. Bó bá ti rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, dáwọ́ dúró. Tọ́jú èyí tó kù de ìyàwó ẹ.”

Yánníbo ní, “Baálé mi, ṣé ohun tí Òwìwí wí nìyí?”

Ìjàpá ní, “Yánníbo, ṣé ẹnu Òwìwí ni a ó sè jẹ lálẹ́ yìí?”

Ó tún po àgúnmu mọ́ oúnjẹ Adìẹ tí nǹkan kan kò ṣe, torí pé ó ń mú Adìẹ sanra. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

Lílé: Ìjàpá patẹ, ó ń tà o
Ègbè: Kòkòrò ń kọ́ṣẹ́
Lílé: Imú kún, ó tà á
Ègbè: Kòkòrò ń kọ́ṣẹ́
Lílé: Orí fọ́, ó tà á
Ègbè: Kòkòrò ń kọ́ṣẹ́
Lílé: Adìẹ jẹ ẹ́, ó sanra
Ègbè: Kòkòrò ń kọ́ṣẹ́
Lílé: Owó kún àpò ọ̀gá o
Ègbè: Kòkòrò ń kọ́ṣẹ́

Lóòótọ́ ni wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Èyí tí kápúsù méjì Ehoro kò pa lọ dá ẹ̀wù irin. Kòkòrò kì í sì í ṣahun bí Ìjàpá. Ẹni tó ní ẹ̀wù ń ya bátànì rẹ̀ fún aládùúgbò, ó ń yà á fún àlejò tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí rẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo wọn wọ irin. Àgúnmu dé ara wọn, ó yọ̀. Ní 2019 nìkan, 1,270,000 ẹ̀mí ni wọ́n pa káàkiri ayé, ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa sì ni ìwọ̀n ikú náà ti ga jù.

Àwọn ẹranko sáré tọ Ìjàpá lọ pé kó wá àgúnmu tuntun. Ìjàpá rẹ́rìn-ín. “Èyí tí èèyàn ń lò fún ọjọ́ méje tí ara ẹ̀ ń yá, èrè wo ló wà níbẹ̀? Èyí tí wọ́n á máa gbé mì títí dọjọ́ ikú ni mò ń tà báyìí.”

Ẹ̀ga nìkan ni kò bá wọn sunkún. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín àdúgbò àwọn oníṣègùn. Ó mú igi, ó lọ sétí odò, ó ń tú ìgbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀ga kò dáhùn. Nínú ìgbẹ́ náà ló ti rí Aláǹtakùn kan tó kéré ju kòkòrò fúnra rẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ní igun-igun, ìrù rẹ̀ le gbọnrangandan, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ koríko. Kòkòrò nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Yóò bà lé kòkòrò lẹ́yìn, yóò fi ìrù gún un, yóò tú irú-ọmọ sí i nínú. Kí iṣu tó jinná, inú kòkòrò ti kún. Gbàà! Kòkòrò bẹ́. Àwọn ọmọ Aláǹtakùn tú jáde, wọ́n ń wá ẹlòmíì kiri.

Ẹ má rò pé Ẹ̀ga ló kọ́kọ́ rí i o. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Félix d'Hérelle, ti ròyìn rẹ̀ ní Paris ní 1917. Ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tbilisi ní 1923, tí wọ́n ti ń fi í ṣiṣẹ́, ṣì wà dòní. Àgúnmu ló dé tí ojú ayé fi kúrò lára ìgbẹ́.

Ṣùgbọ́n Aláǹtakùn ní ìwà kan. Kòkòrò tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Èyí tó ń pa ti ọgbẹ́ Ewúrẹ́ kì í bojú wo ti Àgùntàn. Nítorí náà ni Ẹ̀ga ṣe ń sọ fún aláìsàn pé, “Ẹ gbé kòkòrò yín wá, kí n wọ̀n ọ́n. Tiyín ni mo máa rán.”

Etí Ìjàpá gbọ́ ọ. Lóru, ó ta wáyà yí adágún Pẹ́pẹ́yẹ ká, ó fi àgádágodo tì í. Ó bu omi odò sínú ìgò, ó kọ “Aláǹtakùn Gbogboǹṣe” sí i lára. Ìgò kan fún gbogbo àrùn! Ẹran rà á, ẹyẹ rà á. Ẹnikẹ́ni ò yá.

Níbi tí Ìjàpá ti ń fa wáyà rẹ̀ le lálẹ́ ọjọ́ kan, wáyà ha á lẹ́sẹ̀. Kòkòrò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ilé o, ọ̀gá wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa níṣẹ́. A wá gba fríídọ̀mù.”

Lílé: Ẹsẹ̀ ọ̀gá wú o
Ègbè: Kòkòrò gba fríídọ̀mù
Lílé: Ó gbé kápúsù mì
Ègbè: Kòkòrò gba fríídọ̀mù
Lílé: Gbogboǹṣe ò ṣe kan
Ègbè: Kòkòrò gba fríídọ̀mù

Yánníbo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀ga. Ẹ̀ga wọn kòkòrò náà. Ó ní, “Bàbá, inú adágún Pẹ́pẹ́yẹ ni a ti máa wá tiyín. Ta ló tì í pa?”

Ìjàpá ki ọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sódò. Kọ́kọ́rọ́ sọnù, kòkòrò kò sọnù. Ó di kí wọ́n fọ́ àgádágodo. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, egbò ń jinlẹ̀. Ẹ̀ga dán Aláǹtakùn mẹ́sàn-án wò, wọ́n kọjá lára kòkòrò bí ẹni tí kò rí i. Ìkẹwàá bà lé e. Ṣé ẹ rí i, bọ́tìnì ẹ̀wù irin ni Aláǹtakùn yìí ń dì mú. Kòkòrò gbọ́n, ó bọ́ ẹ̀wù sọnù. Kíá, Ẹ̀ga bu àgúnmu Òwìwí sí Ìjàpá lẹ́nu. Ìhòòhò ni àgúnmu bá kòkòrò. Tó bá wọ ẹ̀wù, Aláǹtakùn. Tó bá bọ́ ọ, àgúnmu. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí wàhálà.

Ìjàpá yè. Ẹsẹ̀ kò padà sípò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ́ ọ nílẹ̀, bó bá sì ti gbọ́ “kápúsù”, yóò fa orí wọnú.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀ga wà. Ní Baylor College of Medicine ní Houston, Anthony Maresso àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TAILOR. Télọ̀, àbí kí ni? Ní 2023, wọ́n ròyìn aláìsàn 12 tí wọ́n rán Aláǹtakùn tiwọn fún. Ó ju ìdajì wọn lọ tó rí ìyípadà sí rere. Ṣùgbọ́n 12 ni. Tábìlì oríta kò lóǹkà.

Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní Ìjàpá o. Ẹni tó ní kápúsù méjì tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ mọ ẹni tí òun ń bá kọ́ṣẹ́.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má dún. Pó! Pó! Pó!