Ìyá Ìbejì, Bàbá Ìbejì àti Wáìfáì Tó Sá Lọ

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nìyí ní Bódìjà, Ìbàdàn. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé TÁÍPÙ, FOTOKÓPÌ, JAMB, WÁÌFÁÌ. Ìyá Ìbejì ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ìbejì, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra ẹ̀ ṣe máa ń wí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Bàbá Ìbejì, ẹ dìde lórí ìjókòó yẹn. Wáìfáì ò sí nínú láptọ́ọ̀pù mi mọ́.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kò sí kẹ̀? Níbo ló lọ?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi. Àmì ẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti di àwòrán ayé róbótó. Wáìfáì ni mo béèrè, wọ́n gbé gbogbo ayé fún mi.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kí lo fọwọ́ kàn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Èmi! Ta ló jókòó síbí lálẹ́ àná tó fi Windows 11 rọ́pò Windows 10 inú ẹ̀, tó ń pariwo pé Windows 10 ti kú, Windows 11 ló kù?

BÀBÁ ÌBEJÌ: N ò ní ó kú. Mo ní Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọn ò fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe fọ́ọ̀mù fún ọmọ ọlọ́mọ, ó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí lolè fẹ́ jí níbẹ̀? Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí mo táípù sí lándílọ́ọ̀dù? Jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kólè jí, àbúrò yín ti gbé e lọ sí Ìwó Road láti ọdún tó kọjá.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ọ̀rọ̀ wáìfáì la ń sọ.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọ̀rọ̀ nǹkan tó lọ tí ò padà wálé la ń sọ.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Dá mi lóhùn. Fóònù ẹ ńkọ́, ṣé ó ń gba wáìfáì yìí?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó ń gbà á. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi tẹ pásíwọ̀ọ̀dù sí i, tẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí mi nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́.

BÀBÁ ÌBEJÌ (ó húkọ́): Ó dáa. Bí fóònù bá ń gbà á, ráútà ò jẹ̀bi nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù lọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò ní wo èyí, ráútà ni wọ́n máa sáré lọ pa.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀yin náà ti pa á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ìwádìí ni mo ń ṣe. Wo ibi tí wọ́n kọ Airplane mode sí. Bó bá wà ní títàn, wáìfáì àti Bluetooth ló máa kú pọ̀. Ọwọ́ lè ṣèèṣì kan bọ́tìnnì ẹ̀ lókè níbẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọkọ̀ òfúrufú! Bàbá Ìbejì, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́ mi, ẹ ní Lọ́ńdọ̀nù la ti máa ṣe ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa. Àwọn ìbejì ti fẹ́ wọ yunifásítì báyìí, ọkọ̀ òfúrufú kan ṣoṣo tọ́wọ́ mi tíì tó ni èyí tí wọ́n yà sórí F12.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ṣé ó tàn àbí kò tàn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò tàn. Àwa náà ò fò.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Tẹ Restart.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo pa á lálẹ́, mo tàn án láàárọ̀.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ìyẹn ò tó. Windows ayé òde òní, bó o bá tẹ Shut down, kì í kú tán. Ó ń fi díẹ̀ nínú ohun tó wà lọ́pọlọ ẹ̀ pamọ́ kó lè tètè jí. Fast startup ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn. Bó o bá tẹ Restart, kì í lò ó, gbogbo ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ dúró ná. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pa láptọ́ọ̀pù yìí lálaalẹ́, kò kú rí?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kò kú tán.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó kàn ń díbọ́n.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ká ṣáà pè é bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo mọ ẹlòmíì nílé yìí tó máa ń díbọ́n oorun láràárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti mú ìgbálẹ̀. Òun náà, Restart ló máa gbà.

(Wọ́n tẹ Restart. Ayé róbótó ò kúrò níbi tó wà.)

BÀBÁ ÌBEJÌ: Tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ X, kó o mú Device Manager, kó o ṣí Network adapters. Kí lo rí?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo rí àwọn orúkọ tí n ò mọ bàbá wọn. Wọ́n lẹ àmì yẹ́lò onígun mẹ́ta mọ́ ọ̀kan lára.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! Dráífà ẹ̀ ló dàrú.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Káàdì kékeré kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń gba wáìfáì. Windows ò gbédè káàdì, káàdì ò gbédè Windows. Dráífà ni ògbufọ̀ tó dúró láàárín àwọn méjèèjì, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí update bá dé, Windows lè yí ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ padà kí ògbufọ̀ má mọ̀. Ó sì lè lé ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ, kó fi tiẹ̀ síbẹ̀, kí ìyẹn má mọ káàdì wa rí.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ má dárúkọ ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa sétí mi! Ẹ rántí ìkórè. Pásítọ̀ àlejò ní "Ẹ dìde," ó tán. Ògbufọ̀ ní kí gbogbo ìyá ìbejì jáde síwájú pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Mo jáde. Pásítọ̀ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ó ní kí ni mo fẹ́. Ògbufọ̀ ní ó ní kí n sọ ọ́ di mẹ́wàá.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Mo rántí.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Owó yẹn ò padà dòní. Òun àti jẹnẹrétọ̀ ló jọ ń gbé.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Dráífà, Ìyá Ìbejì.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Dráífà tó bá ń fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún un, ẹ lé e.

(Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ ìyá yìí nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìparí ọdún 2023, update kan tí Microsoft fi ránṣẹ́ sí Windows 11 mú kí àwọn ẹ̀rọ kan máa kọ wáìfáì yunifásítì àti ti iléeṣẹ́. Microsoft gbà pé update àwọn ló fà á, wọ́n sì ti ọ̀dọ̀ tiwọn yí i padà.)

BÀBÁ ÌBEJÌ: Tẹ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lọ sí Driver. Ṣé o rí Roll Back Driver? Òun ló máa dá dráífà ti tẹ́lẹ̀ padà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Dé ìgbà wo?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Dé èyí tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò lè kọjá bẹ́ẹ̀? Kò lè dé ọjọ́ tí àbúrò yín wá sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì péré"?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ìyá Ìbejì!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo kàn béèrè ni. Roll Back yẹn ti ṣá, kò ṣe é tẹ̀.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Á jẹ́ pé dráífà àtijọ́ ò sí nílẹ̀ mọ́. Ó kù ká lọ gba tuntun lórí sáìtì àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù, èyí tó bá orúkọ módẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ ẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Sáìtì tẹ́nikẹ́ni bá ti ń pín dráífà ọ̀fẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká dé bẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti máa gbà á?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Íntánẹ́ẹ̀tì tí ò sí.

(Bàbá Ìbejì ń wo òrùlé.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ká tó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, ká lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ gba nǹkan wá! Tíṣà! Ìjọba sì ń sanwó fún yín!

BÀBÁ ÌBEJÌ: Wáyà! Mú wáyà tó o fi ń cháàjì fóònù wá. Fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, lọ sí Hotspot nínú fóònù, tan USB tethering. Dátà fóònù á gba inú wáyà wọlé. Kódà, bí fóònù bá wà lórí wáìfáì, wáìfáì yẹn gan-an ló máa gbé wọlé fún wa.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ jẹ́ kó yé mi. Wáìfáì tó kọ̀ tí ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó máa gba ẹ̀yìnkùlé?

BÀBÁ ÌBEJÌ: O ti gbọ́ ọ yé.

(Wáyà àkọ́kọ́ kọ̀, torí àwọn wáyà kan wà tí iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé dátà. Wọ́n yá wáyà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọ́n gba dráífà, wọ́n fi sí i, wọ́n tún tẹ Restart. Ìyá Ìbejì ò dákẹ́ ní gbogbo àsìkò yìí, àmọ́ mo fo ti ọ̀rọ̀ àna ẹ̀.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó dé o! Àmì ẹ̀ ti dé! Mo rí orúkọ wáìfáì wa. Mo rí ti ilé onídìrí náà.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ẹ wá wo tíṣà, ẹ̀yin èèyàn!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó ní "Can't connect to this network."

BÀBÁ ÌBEJÌ (ohùn ẹ̀ wálẹ̀): Háà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí ló kàn, tíṣà?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Jẹ́ ká máa lo wáyà fóònù yẹn bẹ́ẹ̀. Kò ṣe wá ní nǹkan kan.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kọ́pà tó máa ń wá síbí ní bó bá ti ń ṣe báyìí, kéèyàn tẹ Forget, kí ẹ̀rọ gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn pátápátá, kéèyàn wá tún pásíwọ̀ọ̀dù tẹ̀.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kí ni kọ́pà mọ̀? Iṣẹ́ kan wà lábẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WLAN AutoConfig...

ÌYÁ ÌBEJÌ: Forget ni mo sọ.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Tàbí ká kúkú padà sí Windows 10. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún èèyàn láti yí padà lẹ́yìn irú update ńlá yìí. Go back ni wọ́n kọ síbẹ̀. A ṣì wà nínú ẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Windows 10 tó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Olè náà lè má wá.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo ti tẹ Forget. Ó ń béèrè pásíwọ̀ọ̀dù. Kí ni pásíwọ̀ọ̀dù, Bàbá Ìbejì?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Pásíwọ̀ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ àṣírí téèyàn ń fi...

ÌYÁ ÌBEJÌ: N ò ní kẹ́ ẹ kọ́ mi. Mo ní kẹ́ ẹ pè é.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Gbé e wá, n óò tẹ̀ ẹ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọwọ́ mi ò rọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

BÀBÁ ÌBEJÌ: i. y. a.

ÌYÁ ÌBEJÌ: "Iya." Ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ó ti ń dùn.

BÀBÁ ÌBEJÌ: a. l. a.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìyá Aláàánú? Ìyá Alábùkún?

BÀBÁ ÌBEJÌ: r.

ÌYÁ ÌBEJÌ: r?

BÀBÁ ÌBEJÌ (kíákíá): i, w, o, ó parí.

(Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni wáyà fi fọ́ọ̀mù bojú.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìyá Aláriwo.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Fara balẹ̀. "ifemi" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sí i. Ráútà ló kọ̀. Pásíwọ̀ọ̀dù wáìfáì ò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, "ifemi" ò ju 5 lọ.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìfẹ́ yín ò tó.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Lẹ́tà ẹ̀ ni ò tó!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mélòó ni wọ́n gbà, ó pọ̀ jù?

BÀBÁ ÌBEJÌ: 63.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Wọ́n fún yín láyè lẹ́tà 63, ẹ ò rí nǹkan gidi kan sọ nípa mi! Ìdí nìyí tí kọ́pà fi máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń kí mi. Ọmọ kan tó wá ṣe fotokópì lánàá ní "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Alá...", ló bá dúró, ló bá ní "Ìyá Aláṣọ". Mo ṣe bí aṣọ mi ló wù ú!

BÀBÁ ÌBEJÌ: Àmọ́ wáìfáì ti wọlé.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò tíì wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù inú ráútà?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Àdírẹ́sì kan wà lábẹ́ ráútà tó jẹ́ kìkì nọ́ńbà. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ sínú bíráúsà. Àmọ́ bó o bá pààrọ̀ ẹ̀, gbogbo fóònù, gbogbo láptọ́ọ̀pù, títí kan pírińtà, ló máa já kúrò lórí ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa tún pásíwọ̀ọ̀dù béèrè.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àbúrò yín náà, tó bá wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Òun náà á béèrè.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Pásíwọ̀ọ̀dù tuntun ni "gbejeneretowa". Lẹ́tà 13 ni, kékeré ni gbogbo ẹ̀, ẹ má fi àyè sáàárín.

(Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú update yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba dráífà wáìfáì láptọ́ọ̀pù yín sórí fláàṣì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ pásíwọ̀ọ̀dù ilé yín lórí.)