Èmi Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kẹ́ ẹ tó ká mi mọ́: ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ni mí, kò sì sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé ètò kan "impacted" ọjà, ara mi a bù máṣọ. Àròyé àwa ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni "impact", pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ló fi tipátipá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tó ń dójú tì wá ni pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kò tì wá lẹ́yìn. Láti 1601 ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà ti wà nínú àkọsílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀rọ̀ orúkọ tí à ń gbèjà rẹ̀ tó yọjú. Onílé gan-an la ń fẹ̀sùn olè kàn.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá ti ṣubú síbí yìí. Lọ́dún 1710, òǹkọ̀wé Jonathan Swift bẹnu àtẹ́ lu "mob" nínú ìwé ìròyìn The Tatler, ó sì gbà pé àwọn tó ń lò ó ti borí òun. Ní December 1789, Benjamin Franklin, tí kò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́ láyé, kọ̀wé sí Noah Webster, ọ̀gá nínú ìwé atúmọ̀ èdè, pé kó bá òun dẹ́bi fún àwọn tó ń fi "notice", "advocate" àti "progress" ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. "Progress" ló bí bàbá nínú jù. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá Merriam-Webster jáde lọ́dún 1961, The New York Times fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "finalize" sì wà lára ohun tó fà á. Lónìí, ọ́fíìsì wo ni kì í finalize nǹkan? Lọ́dún 2012 ni iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press gbọ́wọ́ kúrò lọ́rùn "hopefully". Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ò ju pé wọ́n jẹ́ tuntun sétí ẹni tó ń ráhùn.

Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ kan wà tí ọjọ́ orí kì í wẹ̀ mọ́. Mọ́tò ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń "downsize" láàárín ọdún 1970 sí 1980, kí wọ́n tó gbé e dórí òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn ń rùn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí "rightsize". Ẹ wo gbólóhùn bí èyí dáadáa: "Your position has been impacted by our rightsizing exercise." Ipò ló fara gbá, kì í ṣe èèyàn. Ètò ló ṣe é, kì í ṣe ọ̀gá. "Right" tó wà níbẹ̀ sì ń sọ fún ẹni tí wọ́n lé pé òun ni kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ gún. Kí wá ni ọlọ́pàá bíi tèmi máa ṣe? Yóò mú bírò pupa, yóò fa ìlà sábẹ́ "impacted", yóò sì jẹ́ kí ìyókù kọjá lọ.

Ẹnì kan lè ní iṣẹ́ wo ni kò ní ẹnà tirẹ̀. Òótọ́ ni: kí òṣìṣẹ́ báńkì méjì máa sọ "liquidity" síra wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń lé ni wọ́n kọ lẹ́tà yẹn sí. Òmíràn lè ní ìwà ọmọlúwàbí ni kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tútù sọ ohun gbígbóná, ṣebí Yorùbá náà ń sọ pé ọba wàjà. Mo gbà. Síbẹ̀, kò sí ọmọ ìlú tó gbọ́ pé ọba wàjà tó ń dúró kó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó lọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ni tiwa, ìbòjú ni tiwọn.

Òfin pàápàá kò lè bá wa ká ìbòjú yẹn kúrò: lọ́dún 2010, Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin pé kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa kọ èdè tó yé ará ìlú. Òfin náà kò kan iléeṣẹ́ aládàáni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè torí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́.