Sí Àbúrò Mi Onífọ́tò Tí Lẹ́ńsì Funfun Kò Jẹ́ Kó Sùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Fọ́tò gbogbo Ìbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fi "ẹ" kí yín lẹ́ẹ̀kan yìí kí n tó padà sí "ìwọ" tí mo ti ń pè ọ́ láti kékeré, torí mo gbọ́ pé ẹni tó bá gbé irú lẹ́ńsì tó o fẹ́ rà kọ́rùn ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní àbúrò.

Ìyàwó rẹ ló tú àṣírí. Ó ní o ti gbé fọ́tò lẹ́ńsì náà sí ojú fóònù rẹ, níbi tí fọ́tò òun wà tẹ́lẹ̀. Ó ní o ti lọ bẹ àwọn alájọ pé kí wọ́n jẹ́ kó o kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀, àti pé nígbà tí òun bi ọ́ léèrè ohun tó o fẹ́ fi owó náà ṣe, o ní "ìdókòwò" ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá bá ọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, wàá ní mò ń jowú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ayé lè bá wa dá sí i.

Ká kọ́kọ́ fún lẹ́ńsì náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Canon 70-200mm f/2.8 kì í ṣe ohun tí à ń fojú rénà. Bó o bá fà á dé 200, ojú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ dín, fọ́tò rẹ̀ á sì mọ́ kedere. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kílò kan àti ààbọ̀. Àwọ̀ funfun tó ń pa ọ́ yẹn, nítorí oòrùn ni wọ́n ṣe kùn ún: ara funfun kì í gba ooru bíi ti dúdú, kí gíláàsì inú rẹ̀ má baà gbóná jù. Àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù láti ẹ̀bá pápá nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n pè ọ́ sí, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ lókèèrè lórí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ ń tò wọlé nínú aṣọ ẹbí, tí ọlọ́pàá kò sì ní jẹ́ kó o kọjá okùn, èmi fúnra mi ni n óò bá ọ gbé báàgì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló pè ọ́ sí Ojúde Ọba? Ìsọmọlórúkọ ní pálọ̀ Mọ́kọ́lá ni iṣẹ́ rẹ. Pálọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, tí àga, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ìyá àgbà ti gba ìdajì rẹ̀ kó o tó wọlé. Kámẹ́rà Canon 600D ọwọ́ rẹ yẹn, mílímítà 22.3 ni ìbú sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, nígbà tí ti fíìmù àtijọ́ jẹ́ 36. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé lẹ́ńsì yòówù tó o bá so mọ́ ọn, ńṣe ló máa fa èèyàn sún mọ́ra ní ìlọ́po 1.6. Nọ́ńbà 70 tó kéré jù lórí lẹ́ńsì funfun rẹ á wá máa ṣe bíi 112. Gbé e síṣirò: kí ìyá ìkókó tó lè wọlé tán láti bàtà dé ṣóńṣó gèlè, wàá jìnnà sí i tó mítà 7, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 23. Pálọ̀ ti tán ní 14. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án tó kù, inú kíṣìnì lo ti máa dúró yà á, láàárín àwọn tó ń ro àmàlà, bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi omorogùn lé ọ jáde.

O kò tíì bi àwọn fọ́tò tó o ti yà léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo fọ́tò tó bá jáde nínú kámẹ́rà rẹ ló gbé ìwé ara rẹ̀ sínú: mílímítà tó o lò, bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó, bí ṣọ́tà ṣe yára tó, ISO. Ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, wàá rí i. Mo wo gbogbo èyí tó o kó fún mi láti ibi ìkómọ ọjọ́sí. Èyí tó pọ̀ jù, àárín 18 sí 35 lo ti yà wọ́n. Èyí tó o sún dé 55 kò tó nǹkan, àwọn yẹn gan-an ló sì bàjẹ́. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ rí báyìí, kí ló fẹ́ fi 200 ṣe?

Mú èyí tí ìyá àgbà ti ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. O rántí rẹ̀ dáadáa, torí ìwọ fúnra rẹ lo fi ránṣẹ́ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iṣẹ́." Mo wò ó. Ojú ìyá àgbà dára. Ẹ̀rín rẹ̀ tó fi eyín kan ṣoṣo hàn dára. Ọwọ́ tó ń gbé oyin bọ̀ ti di èéfín, ara ọmọ sì ṣe hóró hóró bíi gàrí tí wọn kò jọ̀. Mo wo ìwé rẹ̀: 55mm, f/5.6, ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ISO 6400. Ọ̀ràn náà hàn gbangba. Lẹ́ńsì 18-55 tó bá kámẹ́rà wá, bó o bá wà ní 18, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lè là dé f/3.5. Bó o bá ṣe ń fà á lọ ni ihò náà ń dín, nígbà tó o bá fi dé 55, kò lè là ju f/5.6 lọ mọ́. Gílóòbù kan ṣoṣo tí jẹnẹrétọ̀ ń tàn kò lè bá ọ kún irú ihò bẹ́ẹ̀, ni kámẹ́rà bá dẹ ṣọ́tà sílẹ̀ títí ọwọ́ ìyá àgbà fi kọjá lọ. Bó bá jẹ́ f/2.8 ni, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé á di ìlọ́po mẹ́rin: ṣọ́tà á lè yára dé ìdá kan nínú 80. Bó bá jẹ́ f/1.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, wàá sì sún mọ́ ìdá kan nínú 200. Ọwọ́ náà á dúró, oyin orí ìka á máa dán.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa sọ bí wọ́n bá kà á débí: "Ra 50mm f/1.8, kó o sinmi." Wọn ò purọ́. 1987 ni Canon kọ́kọ́ ṣe èyí tó ń wọ irú kámẹ́rà tìrẹ. Ti 1990, ike ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ tó fi ń wọ kámẹ́rà. Ti 2015 tí wọ́n pè ní STM ti padà sí irin, kò wúwo ju gíráàmù 160 lọ, owó rẹ̀ kò sì ní lé ọ kúrò nílé. Bí agbára bá gbé e, rà á. Ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sí lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú tó máa yà á tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè ọ́ sí ìnáwó? Nígbà tí alága ìjókòó bá kígbe níbi ìgbéyàwó pé "Ẹbí ìyàwó, ó yá, fọ́tò!" èèyàn ogún ló ń dìde, wọ́n á tò ní ìlà méjì, wọ́n á sì fẹ̀ tó mítà 6. Lórí kámẹ́rà rẹ, 50mm á ní kó o fẹ̀yìn rìn tó mítà 13 àti ààbọ̀ kí wọ́n tó wọlé tán. Mo ti ń rí ọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún díẹ̀", o kọjá àwọn onílù, o kọjá ìdí ọtí, o bọ́ sẹ́yìn géètì, ọlọ́kadà ń fọn fèrè lé ọ lórí. Lẹ́ńsì tó bẹ̀rẹ̀ láti 17 kò ní gbà ju mítà 5 lọ.

Ó tún ku kinní kan. f/1.8 yẹn kì í forí jini. Bó o bá sún mọ́ ìyàwó dé mítà kan àti ààbọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 péré ló máa mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹyinjú á mú. Yẹtí wúrà tí wọ́n yá lọ́wọ́ àǹtí á di bàìbàì, àǹtí náà á sì fẹ́ mọ ìdí.

Èyí tí mo fẹ́ kó o rà kò lẹ́wà rárá. Ó dúdú, kò gùn, kò sẹ́ni tó máa yí ọrùn wò ó. Lẹ́ńsì súùmù kúkúrú ni, tí ojú rẹ̀ dúró sí f/2.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Tamron 17-50mm tàbí Canon 17-55mm. Ọdún 2006 ni àwọn méjèèjì jáde. Ibi tí 18-55 rẹ ti ń ṣiṣẹ́ náà ni tiwọn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kì í dínjú bó o bá fà wọ́n. Ti Canon wúwo jù, ó wọ́n jù, ó ń dákẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró. Tamron àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ yẹn, ó sì máa ń kùn bó bá ń wá ohun tó fẹ́ dì mú. Bó bá jẹ́ fídíò ìwàásù lo ń ṣe, pásítọ̀ á gbọ́ ọ. Fọ́tò lò ń yà, Tamron tó ọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ adá-gbígbọ̀n-dúró yẹn gba owó lọ́wọ́ rẹ ju bó ṣe yẹ lọ: ọwọ́ tìrẹ ló lè dá dúró, kò lè dá ìyá ọkọ tó ń jó dúró. Ṣọ́tà tó yára ló ń mú ìyá ọkọ.

Mo ti ń gbọ́ àwíjàre rẹ láti ibí: "Ẹ̀gbọ́n, EF-S ni 17-55 Canon yẹn, ti sẹ́ńsọ̀ kékeré, kò lè wọ kámẹ́rà 5D onísẹ́ńsọ̀ ńlá." Òótọ́ ni. 5D dà? Lọ́jọ́ tó o bá rà á, o lè ta lẹ́ńsì yìí fún ọmọọṣẹ́ mìíràn, owó tó bá pa fún ọ títí di ọjọ́ náà ti jẹ́ tìrẹ. O tún ní ayé ti kúrò lórí irú kámẹ́rà tiwa yìí. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́: láti 2018 tí Canon ti gbé lẹ́ńsì RF fún kámẹ́rà tí kò ní dígí jáde, ọ̀pọ̀ onífọ́tò ló ti kó lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lèrè wà fún tálákà, torí lẹ́ńsì tí wọ́n fi sílẹ̀ ti ń di tòkunbọ̀, adábítà sì wà tó máa so wọ́n mọ́ kámẹ́rà tuntun lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ṣetán.

Bó o bá ń lọ rà á, ní Ìkẹjà tàbí níbikíbi, gbé kámẹ́rà rẹ dání. Ṣí ìdérí iwájú àti tẹ̀yìn, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Eruku díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó o ń wá ni àwọn okùn tín-ín-rín funfun bí òwú tó ń yọ ẹ̀ka lórí gíláàsì: olú ni, ọ̀rinrin ló bí i, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa nílẹ̀ wa níbi tí òjò ti ń pọ̀. Bó o bá rí i, dá a padà, kódà bí ọlọ́jà bá fi ìyá rẹ̀ búra. Lẹ́yìn náà, ya ògiri tí wọ́n lẹ pósítà ìbò mọ́ ní f/2.8. Sún un tóbi lójú kámẹ́rà, kó o ka ọ̀rọ̀ tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá ṣe bàìbàì tí àwọn mẹ́ta yòókù sì mọ́, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì náà ti já bọ́ rí. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lo Nikon D3200 ńkọ́, sọ fún un pé ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì Nikon tí wọn ò kọ AF-S sí lára lè wọ kámẹ́rà rẹ̀ kó má sì lè dá ojú mú fúnra rẹ̀, torí kò sí mọ́tò nínú kámẹ́rà náà. Kó má lọ máa bú ọlọ́jà.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, fíláàṣì ni kó o fi rà, èyí tó ṣeé yí lórí. Kọ ojú rẹ̀ sí àjà funfun, má kọ ọ́ sí ojú èèyàn. Lábẹ́ kánópì búlúù, má dán ìyẹn wò o, àfi bó o bá fẹ́ kí gbogbo àlejò dà bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ní ti ẹ̀yìn fọ́tò tó o fẹ́ kó máa ṣe bàìbàì bíi ti àwọn ará òkè òkun, tó o ní lẹ́ńsì funfun nìkan ló lè ṣe é, wo iṣẹ́ onífọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere. Kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ìbàdàn wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní 1954. Nígbà tó di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sì ya gèlè pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú irun náà, ẹ̀yìn orí ló ti yà á, o lè ka ìlà dídì kọ̀ọ̀kan. Wo ohun tó wà lẹ́yìn orí náà: kò sí kúlà, kò sí àga ike tí wọ́n tò jọ, kò sí ọmọdé tó ń jẹ ẹran. Bó o bá ní kí wọ́n gbé kúlà yẹn kúrò kó o tó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀fẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò ní dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á ti máa retí kí wọ́n rí ẹni tó gbé lẹ́ńsì funfun wọ gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó ti Sátidé yìí ti sún mọ́lé, àjọ kò sì tíì kan ọ́. Tamron 17-50 kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wá gbé e, kó o fi ya gbogbo ẹbí ìyàwó àti tọkọ, kó o wo ìwé fọ́tò rẹ lẹ́yìn rẹ̀ kó o tó lọ bá alájọ. Yíyá ni mo wí o. Gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání, torí mo mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní lẹ́ńsì funfun.