Ìjàpá Gbaṣẹ́ Ẹrù Ehoro

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbàá, ó dá lórí Ìjàpá, ó dá lórí Ehoro, ó dá lórí òṣùwọ̀n kan tí kò lẹ́nu ṣùgbọ́n tó ń purọ́.

Ilẹ̀ òtútù ni mò ń kó yín lọ lónìí, ẹ fa aṣọ bora. Ní Kánádà, ní apá àríwá Ontario, níbi tí odò Moose ti ń wọ James Bay, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Moose Factory. Ilẹ̀ àwọn Cree ni. Títì tí ọkọ̀ lè tọ̀ débẹ̀ tọdún-tọdún, kò sí. Ẹni tó bá ń lọ yóò gba títì dé Cochrane, yóò wọ rélùwéè níbẹ̀, rélùwéè yóò gbé e rin nǹkan bí 300 kìlómítà dé Moosonee létí odò. Láti 1932 ni rélùwéè ọ̀hún ti ń débẹ̀. Ó wá ku odò. Nígbà ooru, ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà òtútù, odò á dì gbagidi, mọ́tò á máa sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà láàárín méjèèjì tí yìnyín kò ní gba ẹsẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi kọjá. Nígbà yẹn, àfi hẹlikópítà, tàbí ẹni tó bá níyẹ̀ẹ́.

Ẹ fi ìgbà yẹn sọ́kàn. Ìjàpá kò fi sọ́kàn.

Ehoro, ọmọ erékùṣù yẹn ni. Toronto ló ti ń ṣiṣẹ́, òun, ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ arúgbó, àti àwọn ọmọ tí n kò lè kà tán, ẹ ṣáà mọ ilé Ehoro. Iṣẹ́ akọ̀wé yọ ní ilé ìwòsàn orí erékùṣù. Ehoro ní òun ń lọ sílé. Ìyá rẹ̀ kò sùn mọ́jú. Wọ́n tú ibùsùn, wọ́n di ìkòkò, wọ́n di fìríísà, wọ́n di ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n di tikinagan, pákó tí àwọn Cree máa ń de ìkókó mọ́ láti gbé e kiri. Òun náà ni ìyá Ehoro fi gbé Ehoro nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Ta ni yóò sanwó ẹrù? Ọ́fíìsì Erin ni. Òkè téńté ilé alájà ogún ni Erin ń jókòó sí. Ó ní máàpù ńlá lára ògiri. Kò dé odò Moose rí. Lórí máàpù rẹ̀, láti Toronto dé Moose Factory kò ju ìka mẹ́rin lọ.

Erin ní òfin kan. Bí iṣẹ́ bá yọ, kí agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta kọ iye tí wọn yóò gbà wá, kí òun mú ẹni tí tirẹ̀ kéré jù. Òfin tó dára ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ìjàpá gbọ́. Ẹ má bi mí bó ṣe dé Kánádà. Ibi tí ìwé owó bá ti ń fò, ẹ wá Ìjàpá síbẹ̀. Ó mú bébà mẹ́ta. Lórí ọ̀kan ó kọ ọ́ pé: “Ilé-iṣẹ́ Ahun, 31,000 dọ́là.” Lórí èkejì ó kọ ọ́ pé: “Alábahun àti Àwọn Ọmọ, 29,500 dọ́là.” Lórí ẹ̀kẹta: “Ìjàpá Akẹ́rù-má-bẹ̀rù, 28,000 dọ́là.” Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ̀kan, ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ̀kan, ó ní kí Yánníbo ìyàwó rẹ̀ bá òun kọ ìyókù.

Erin gbé gíláàsì sójú. Ó ka Ahun. Ó ka Alábahun. Ó ka Ìjàpá. Ó mi orí, ó ní, “Àwọn mẹ́ta yìí bára wọn du iṣẹ́ gan-an ni.” Ó lu ìwé Ìjàpá ní òǹtẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ rọra. Mo mọ ọ́fíìsì tí ẹ ti ń bọ̀.

Ìjàpá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò kó ẹrù láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Erin fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: Ehoro gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ẹrù òun pé, kí owó tó jáde. Ìjàpá kò ka ìlà yẹn. Ìlà iye owó ló kà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ehoro ní, “Ọ̀gá Ìjàpá, Bàbá Bífà wà nílé o. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ odò.” Bífà ni ẹran omi tó ń fi eyín gé igi, tó ń fi igi dí odò. Ó ti darúgbó nídìí odò yẹn. Owó epo àti oúnjẹ àjẹyó ni yóò gbà, yóò sì kó ẹrù kọjá.

Ìjàpá bèèrè pé, “Ṣé ó ní ìwé?”

Ehoro ní, “Odò ni wọ́n ní.”

Ìjàpá ní, “Odò kì í ṣe ìwé.”

Láti 1673 tí àwọn Hudson’s Bay Company ti kọ́lé òwò sórí erékùṣù yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá àlejò tukọ̀, tí wọ́n ń bá àlejò gbẹ́rù. Ìjàpá tó dé lánàá ló ń bi wọ́n ní ìwé.

Ó di oṣù Kẹta. Ìjàpá kó ẹrù sínú tírélà, ó wakọ̀, ó wakọ̀, ó dé Cochrane. Ó yọrí lójú wíńdò, ó ní, “Títì Moosonee dà?”

Ẹyẹ Ìwò ló ń kọ ìwé ẹrù ní ibùdó rélùwéè. Ó ní, “Títì kẹ̀? Rélùwéè ló wà níbí.” Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ sì pẹ́ ju tiwọn lọ. Ó mú bébà tuntun, ó kọ “Àfikún” sórí rẹ̀. Owó rélùwéè. Owó odò. Owó òtútù. Owó ìyàlẹ́nu tó bá agbaṣẹ́ṣe.

Bí ẹrù bá ṣe wúwo ni rélùwéè ṣe ń gbowó. Kọ́bọ̀ tí Ìjàpá bá san fún rélùwéè, náírà ni yóò kọ sílẹ̀ fún Ehoro. Nítorí náà, bí wọ́n ti ń to ẹrù sórí òṣùwọ̀n, Ìjàpá yọ́ wọ àárín wọn. Ó fa orí wọlé. Ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Ó dákẹ́ bí àpótí. Wọ́n wọn ẹrù tán, ó yọ́ jáde, ó gba ẹ̀yìn yí, ó tún wọ àárín ìdì kejì. Ó tún wọ àárín ìdì kẹta. Ibẹ̀ ni Ẹyẹ Ìwò ti dúró.

Ẹyẹ Ìwò ní, “Àpótí yìí léèékánná.”

Ohùn kan jáde látinú àpótí: “Ẹlẹ́gẹ́ ni! Má fọwọ́ kàn án!”

Ẹyẹ Ìwò kì í bá àpótí jiyàn. Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹrù Ehoro pé: “Àpótí tó ń sọ̀rọ̀, ẹyọ kan. Ẹlẹ́gẹ́.” Ó pa ìwé dé.

Ẹrù dé Moosonee. Odò ṣì le. Bàbá Bífà ti dúró létí odò pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín. Ó fi ìrù lu yìnyín, pàá, pàá, ó tẹ́tí. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kó o kọjá lónìí.”

Ìjàpá ní rárá. Ó ti fi ìlà kan kún bébà àfikún rẹ̀: owó ìpamọ́, 200 dọ́là lójúmọ́. Ó kó ẹrù sí ahéré kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Ó ránṣẹ́ sí Ehoro tó ti dé erékùṣù lódì kejì pé kó san 9,000 dọ́là àfikún kí ó tó rí ṣíbí kan ṣoṣo.

Ehoro àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí pákó. Aládùúgbò gbé fóòmù wá, aládùúgbò gbé ìkòkò wá, aládùúgbò bu ọbẹ̀ wá. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a jáde sí etí odò, Ehoro a lé e, Ìjàpá lódì kejì a gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, ibùsùn mi dà?
Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Ìjàpá, ìkòkò mi dà?
Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Pákó ìkókó ìyá mi dà?
Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Yìnyín fẹ́ yọ́ o, Ìjàpá!
Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Owó Ìjàpá ńkọ́?
Ìyẹn ti pẹ́, ìyẹn ti pẹ́!

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lálaalẹ́. Oṣù Kẹta parí. Oṣù Kẹrin wọlé. Bàbá Bífà tún fi ìrù lu yìnyín, ó tẹ́tí. Ó ní, “Ìjàpá, ó ti ń dún nísàlẹ̀.”

Ìjàpá ní, “Ó ń dún ni, kò tíì sọ̀rọ̀. 200 dọ́là.”

Ni lẹ́tà Erin bá dé. Erin ní òun kò rí ìwé tí Ehoro fọwọ́ sí. Bí ìwé kò bá dé kí oṣù tó parí, òun yóò gba iṣẹ́ náà, òun yóò gbé e fún Alábahun.

Inú Ìjàpá kọ́kọ́ dùn. Ó fẹ́ fò sókè. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé Alábahun náà yóò wá ìfọwọ́sí Ehoro kiri.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Hẹlikópítà ń gbowó. Bífà ń gba oúnjẹ. Ìjàpá ní, “Ẹrù ló wúwo, ìwé fúyẹ́. Mo lè lọ gba ìfọwọ́sí kí ẹrù tó dé.” Ó dúró di òru. Ó ki ìwé àti bébà àfikún sábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki bírò sí i, ó bọ́ sórí yìnyín.

Ó rìn. Yìnyín ní kẹ̀ẹ̀. Ó tún rìn. Yìnyín ní kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀. Nígbà tó dé àárín, odò Moose ya láti bèbè dé bèbè, ariwo rẹ̀ jí gbogbo ìlú. Ìjàpá bá ara rẹ̀ lórí ègé yìnyín tí kò ju ẹní kan lọ, ó ń ṣàn lọ sí James Bay. Ó na ọrùn, ó fi igbe bọnu:

Bàbá Bífà, okùn yín dà?

Gbogbo ìlú ti dúró létí odò. Ehoro ló kọ́kọ́ gbè é, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo wọn gbè é pọ̀:

Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Bàbá Bífà, mò ń lọ sókun!
Ó ń bọ̀ lọ́nà.
Ẹsẹ̀ mi ti kú, apá mi ti kú!
Ó ń bọ̀ lọ́nà.

Bàbá Bífà ń mu tíì. Ó mu ún tán, ó fọ kọ́ọ̀bù, ó gbé kọ́ọ̀bù sípò. Ó wá lúwẹ̀ẹ́ lọ pẹ̀lú okùn, ó so Ìjàpá lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ dé bèbè Moosonee. Ìjàpá ń gbọ̀n, ó ń sọ pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ṣeun.” Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe Bífà ní Bàbá.

Bàbá Bífà ní, “Ó tì o. Gbé bébà àfikún rẹ wá.” Wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti tutù ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Owó odò. Owó òtútù. Owó ìyàlẹ́nu tó bá ẹni tó ń mu tíì.

Ìjàpá figbe ta: “Èmi kì í ṣe ẹrù!”

Ẹyẹ Ìwò ti fò dé láti Cochrane, òun kò kúkú nílò ọkọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó kà á sókè: “Ẹrù Ehoro. Àpótí tó ń sọ̀rọ̀, ẹyọ kan. Ẹlẹ́gẹ́.” Ó wo Ìjàpá, ó wo ìwé. “Òun rèé. Kò tíì dákẹ́.”

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Ìjàpá. Wọ́n gbé e sí ahéré láàárín fìríísà àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. 200 dọ́là lójúmọ́.

Yìnyín ṣàn tán, odò là. Àwọn ọkọ̀ ojú omi jáde. Tọmọdé-tàgbà ló gbé ẹrù Ehoro kọjá ní ọjọ́ kan, ìyàwó Ehoro sì se oúnjẹ tó kárí gbogbo wọn. Bàbá Bífà jẹ abọ́ mẹ́ta. Ehoro dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ẹrù mọ́ ìwé Ẹyẹ Ìwò. Ibùsùn, ó wà. Ìkòkò, ó wà. Fìríísà, ó wà. Tikinagan, ìyá rẹ̀ ti gbà á mọ́yà kó tó kà á débẹ̀. Àpótí tó ń sọ̀rọ̀.

Ehoro ní, “Èyí kì í ṣe tèmi. Ẹ dá a padà síbi tó ti wá.”

Ìjàpá ní, “Jọ̀wọ́, Ehoro, kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé ẹrù pé.”

Ehoro ní, “Ó ṣe máa pé? Ìwé ní àpótí kan wà nínú ẹrù mi. Mo ti dá a padà. Ẹrù dín kan.” Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyẹn, ohun tó fọwọ́ sí nìyẹn: ẹrù dín kan. Erin kà á, kò san kọ́bọ̀.

Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n dá a padà sí Cochrane. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ sí títí ẹni tó ni ín yóò fi wá sanwó. Yánníbo pe ibùdó rélùwéè ní àárọ̀, ó pè ní ọ̀sán, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi dà?” Ẹ mọ ohun tí Ẹyẹ Ìwò fi dá a lóhùn.

Ọdún yípo. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà fẹ́ kó lọ sí Moose Factory. Ehoro kọ̀wé sí Erin, ó ní kí wọ́n má wá ẹnikẹ́ni lọ, Bàbá Bífà wà nílé, wọ́n mọ odò. Erin dá a lóhùn kíákíá, inú ìwé rẹ̀ sì dára. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ rere Bífà. Kó tètè kọ iye tí yóò gbà wá, òfin kò sì yí padà: ìwé mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta.

Bàbá Bífà yẹ ìwé náà wò níwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Orúkọ kan ṣoṣo ló ní.